Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Ó Kọ̀ Láti Fún Aṣọ

Nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá dákẹ́ láàárín iṣẹ́, tí aṣọ ṣì wà nínú omi ọṣẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé mọ́tò rẹ̀ ti jó. Èrò yìí ni ó ń mú kí onílé máa wá owó mọ́tò tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé bọ́tìnì ẹyọ kan ni ó fa gbogbo wàhálà náà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ èyí tí í ṣe ètè nínú méjèèjì, báwo ni yóò ṣe tẹ̀ lé ìmọ̀ràn wọn?

Olùwòran tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú yóò ti rí àgbá onírin abihò-lára tí mọ́tò ń yí. Inú àgbá mìíràn tí ń gba omi dúró ni èyí wà, pọ́ǹpù tí ń lé omi ìdọ̀tí jáde sì wà nísàlẹ̀ wọn. Páípù tóóró kan tún wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀: bí omi bá ti ń ga sí i nínú àgbá, ni afẹ́fẹ́ yìí ń fún pọ̀, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀ pé omi ṣì wà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti mọ bẹ́ẹ̀, kò ní sáré fún aṣọ. Kì í ṣe pé kò lè sáré; a dá a lẹ́kun ni. Omi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí, kì í ṣe mọ́tò.

Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, iná ni a ń yanjú. Iná tí ó ń wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ fólítì 230, ó sì tó pa ènìyàn. Pípa súìṣì nìkan kò tó. Pílọ́ọ̀gì ni kí a yọ kúrò lára ògiri. Àwọn kan máa ń dúró di ìgbà tí iná bá lọ, wọ́n á ní ewu ti kúrò nílẹ̀. Àṣìṣe ńlá gbáà ni, nítorí ẹni tí ó pa iná ládùúgbò kò mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan wà nínú ẹ̀rọ, kò sì ní ránṣẹ́ sí i kí ó tó dá iná padà.

Ní ìsàlẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ni ilẹ̀kùn kékeré kan wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ìdérí asẹ́ pọ́ǹpù. Bí omi inú rẹ̀ bá gbóná, kí ó kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé abọ́ pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀, kí a máa tú ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, nítorí omi tí yóò jáde lè ju garawa kan lọ. Ohun tí a ń bá níbẹ̀ máa ń ya onílé lẹ́nu: píìnì irun, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́, ìdì òwú tí ó ti ki pọ̀. Lẹ́yìn asẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ kékeré pọ́ǹpù wà. Ìka ni a fi ń yí i wò. Bí ó bá ń dúró díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń yí, ìyẹn kì í ṣe àrùn; òòfà inú rẹ̀ ni ó fà á. Bí ó bá gan pátápátá, ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù tuntun nìyẹn, owó rẹ̀ kì í sì í sábà tó ti mọ́tò.

Nígbà tí a bá ti dé e padà dáadáa tí a sì tan iná, etí ni ó kù. Pọ́ǹpù tí ń kùn tí omi kò jáde, nǹkan ṣì dí i, tàbí páípù ẹ̀yìn ẹ̀rọ ti ká. Èyí tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó lè jẹ́ pé iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí pé wáyà inú rẹ̀ ti já. Bí omi bá jáde tán tí àgbá kò sì sáré, nígbà náà ni ó tọ́ kí a ronú kan bẹ́líìtì tí ó yọ, tàbí èédú kékeré tí ń gbé iná wọ mọ́tò àwọn kan. Síbẹ̀, kí a wo aṣọ inú rẹ̀ ná: bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó mu omi lè rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ yóò sì kọ̀ láti sáré.

Ní ti èyí tí kì í tètè gba omi, táǹkì tí kò ga tó a máa fà á, iyanrìn kànga a sì máa dí asẹ́ tíńtín tí ó wà lẹ́nu páípù. Búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ kan tó láti fọ̀ ọ́.

Ẹ̀rọ tí iná ń ta ènìyàn lára rẹ̀ kò sí lára èyí tí à ń tú wò nílé. Oníṣẹ́ iná ni yóò yẹ wáyà tí ń darí iná wọlẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí èéfín bá ti jáde lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kapásítọ̀ tí ó wà nínú àwọn kan lè pa iná mọ́ sára lẹ́yìn tí a ti yọ pílọ́ọ̀gì.