Bí Ṣáínà Ṣe Bá Òyìnbó Dúnàádúrà, Ni Kí Àwa Náà Bá Ṣáínà Dúnàádúrà

Ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí bí Ṣáínà ṣe di alágbára láyé, àti èyí tó kàn wá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ibi tó bá ti kan ilẹ̀ wa la ó ti pẹ́.

Ṣáínà kì í ṣe olówó tuntun. Ilẹ̀ ọlá ni láti àtijọ́, kí Òyìnbó tó fi ọkọ̀ ogun kàn án lára. Lẹ́yìn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà nítorí òwò opium, wọ́n fi tipátipá gba Hong Kong lọ́wọ́ wọn ní 1842. Ọdún 1997 ni wọ́n tó dá a padà. Àwa tí Faransé kógun wọ Abomey lójú àwọn baba ńlá wa ní 1892, a mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Mao sì gba ìjọba ní 1949, nǹkan ò tíì dára. Ìyàn tó mú láàrin 1959 sí 1961 pa àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn, ètò ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì fà á jù.

Ẹ wá wo ibi tí àyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí 1978, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Xiaogang, ní ìpínlẹ̀ Anhui, àwọn àgbẹ̀ méjìdínlógún pàdé ní ìkọ̀kọ̀. Oko àjùmọ̀ro ni gbogbo wọn ń ro nígbà náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ kára àti ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń rí jẹ. Ebi ti lé àwọn mìíràn dé ìdí agbe. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n tẹ ìka sí i pé àwọn yóò pín ilẹ̀ náà nílé-nílé, àwọn yóò san ti ìjọba, èyí tó bá ṣẹ́kù, ti ẹni tó ro ó ni. Wọ́n sì fi kún un pé bí ìjọba bá mú ẹnikẹ́ni, àwọn tó kù ni yóò bá a tọ́ ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi pé ọdún méjìdínlógún. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré! Lọ́dún kejì, oúnjẹ kún aká. Deng Xiaoping, tí agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, kò jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ wọ́n. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló wá tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà.

Oko ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba, a mọ iye ìwé ètò tó ti orí tábìlì Kútọnu bẹ̀rẹ̀, tí kò sì dé oko ẹnì kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ní 1980, wọ́n ya Shenzhen sọ́tọ̀, níbi tí Òyìnbó lè wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣí i. Nígbà tí Volkswagen ti Jámánì fẹ́ máa ṣe mọ́tò ní Shanghai ní 1984, àjọni ni wọ́n bá a ṣe, ìdajì ti Jámánì, ìdajì ti Ṣáínà. Láti Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó irin mọ́tò wá tò pọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní rárá, táyà, gíláàsì, ẹ́ńjìnnì, ìlú àwọn ni kí wọ́n ti máa ṣe é. Kò tó ogún ọdún tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni láti 2004, tí wọ́n ra ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá lọ́wọ́ Japan, Faransé àti Jámánì. Wọ́n ní kí olùtajà kọ́ ọmọ àwọn níṣẹ́ náà, kí wọ́n sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nílé àwọn. Lónìí, ojú irin irú ẹ̀ tí wọ́n ní ju kìlómítà 40,000 lọ. Ní 2010, wọ́n kọjá Japan, wọ́n di ẹnì kejì sí Amẹ́ríkà nínú ọrọ̀ ayé. Ní 2023, àwọn náà ni wọ́n ta mọ́tò sí òkèèrè jù lọ láyé.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ẹni tó bá tako ìjọba níbẹ̀ rí pupa ojú, ayé ò tíì gbàgbé 1989. A ò fẹ́ ìyẹn níbí. Ìdúnàádúrà wọn la fẹ́ kọ́.

Ìdí nìyí tí ara Amẹ́ríkà kò fi balẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti ń gbé owó dúwáànì lé ọjà Ṣáínà. Nígbà tí wọ́n tún gbé e sókè ní 2025, Ṣáínà di àwọn ohun àlùmọ́nì kan mú, tí wọ́n fi ń ṣe mọ́tò àti ohun ìjà, Amẹ́ríkà sì ní láti bá wọn jókòó. Agbára ti ń pín sí ọwọ́ méjì, kódà ó ju méjì lọ.

Agbára yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ wo ọ̀pá epo tí ilé iṣẹ́ epo ìjọba Ṣáínà gbé láti Agadem ní Niger wá sí Sèmè, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2,000. Nígbà tí ìjọba wa àti ti Niger ń jà lórí ẹnubodè ní 2024, àwọn ará Ṣáínà ló ń sáré láàrin àwa méjèèjì kí epo lè kọjá. Nígbà kan rí, Paris nìkan ni à bá retí fún irú iṣẹ́ yẹn. Àwọn àgbà ní ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ aláàárù nìkan nínú òwò yìí, ọjọ́ tí wọn ò bá gbé ẹrù, ebi ni.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ mọ ọ̀rọ̀ àwọn Nana Benz ti Lomé. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló mọ bátànì tí ọjà fẹ́, àwọn ló ń sọ aṣọ lórúkọ, tí àwọn ará Holland ń ṣe é fún wọn. Wọ́n lówó, wọ́n ra Mercedes. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n dín iye sẹ́fà wa kù sí ìdajì, wáàsì Holland di ọ̀wọ́n. Nígbà tó yá, Ṣáínà wo bátànì, ó ṣe irú rẹ̀, ó tà á ní ẹ̀dínwó. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ń pè ní Nanettes ló ń lọ Ṣáínà báyìí lọ kó o wá. Àwọn ìyá wa ní orúkọ aṣọ náà lẹ́nu, ilé iṣẹ́ ni wọn ò ní.

Láti oṣù kejìlá 2024, Ṣáínà ti yọ owó dúwáànì kúrò lórí ọjà àwọn orílẹ̀-èdè tálákà tó bá a ṣọ̀rẹ́, àwa náà wà níbẹ̀. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ kó lọ? Bó bá jẹ́ òwú tútù àti kóró kajú ni, wọn yóò fi ọpẹ́ gbà á, wọn yóò sì tún un tà fún wa. Òfin ìjọba wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2024 pé kí a má kó kajú tútù jáde mọ́, ó ni àwọn àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ lára lórí iye tí wọ́n ń tà á, a gbọ́ igbe wọn. Síbẹ̀, a rò pé ọ̀nà tí Ṣáínà fúnra rẹ̀ gbà nìyẹn, bí ilé iṣẹ́ tí yóò ra kajú náà bá pọ̀ tó, tí iye owó sì tó àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Níkẹyìn, ilẹ̀. Àlejò tó fẹ́ ilẹ̀ fún òkúta, fún oko tàbí fún ilé iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ìjòyè ló máa ń kọ́kọ́ wá, pẹ̀lú ọtí àti obì. Ìwé tó mú dání, èdè Faransé ni, ó sì lè jẹ́ ti Ṣáínà. Ẹ gba obì, ẹ má tíì tẹ ìka. Ẹ béèrè ọdún mélòó ni, ọmọ ìlú mélòó ni yóò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ta ni yóò tún ilẹ̀ ṣe bí wọ́n bá kó lọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ìwé náà bá òfin ilẹ̀ 2013 mu. Ní Yunifásítì Abomey-Calavi, wọ́n ń kọ́ni ní èdè Ṣáínà. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí rán ọmọ méjì lọ, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin.

Ní ti àwọn ìwé tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀, kó mú ẹ̀dà kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì yóò kà á fún yín ní Yorùbá, láìgba kọ́bọ̀.