Iyọ̀, Yìnyín àti Ìmọ̀ Oògùn



Àwọn onímọ̀ a máa mú kí purotéènì di hóró dídán, kí ìtànṣán ẹ́ksíréè lè fi ìrísí rẹ̀ hàn fún àwọn tí nwá oògùn. Kí ìtànṣán má bà á jẹ́ kíákíá, wọn a mú un tutù dé ìwọ̀n Celsius 173 sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí omi inú rẹ̀ bá di yìnyín, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ di asán.

Gilisẹríìnì a máa dènà yìnyín; ṣùgbọ́n nínú omi tí iyọ̀ pọ̀ jù, ó lè mú kí iyọ̀ náà yọ jáde. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ fi hàn pé sodium malonate, tí òun náà jẹ́ iyọ̀, lè dáàbò bo irú hóró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé: ohun tí ó bá iyọ̀ mu ni kí a fi ṣọ́ hóró inú iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ìmọ̀ yìí.