Ẹ̀jẹ̀ Tí Ń Bẹ Lára Wa

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. A ń rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá nígbà tí dókítà bá ní kí a wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó tàbí ọmọ tó wà lórí ibùsùn. Wọ́n ní ẹ̀mí àwọn ni wọ́n fẹ́ fà lọ.

Ṣé ẹ ti kíyè sí ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tí a gbà sínú igbá? Bó bá pẹ́ díẹ̀, yóò dì, omi kan tó dà bí omidùn yóò sì yọ sójú rẹ̀. Nínú ara tiwa, irú omi yìí ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ lọ díẹ̀. Òun ló ń gbé agbára oúnjẹ kiri ara, òun ló sì ń kó ìdọ̀tí lọ sí kíndìnrín kí a lè tọ̀ ọ́ dànù.

Inú omi náà ni hóró ẹ̀jẹ̀ wà, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn pupa ló pọ̀ jù. Iṣẹ́ alábàárù ni tiwọn: wọn a gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró, wọn a pín in káàkiri ara. Mùdùnmúdùn inú egungun ló ń ṣe wọ́n jáde, wọn kì í sì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Èyí tó jáde lọ́jọ́ tí a gbin àgbàdo yóò ti kú kí àgbàdo náà tó gbẹ tán lóko, òmíràn yóò sì ti rọ́pò rẹ̀. Bí a fà á o, bí a kò fà á o, bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́.

Àwọn funfun kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jagunjagun ni wọ́n. Ọyún tí ẹ ń rí lójú egbò, òkú wọn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan tún wà tó kéré ju gbogbo wọn lọ, tí ń dí ojú ọgbẹ́. Bí àdá bá ṣá wa, a máa ń fún ewé Akíntọ́lá sí i. A kò bá ewé jà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣan ńlá ni àdá gé, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbọn-in, kí ẹ gba ọsibítù lọ.

Ta ni ẹ̀jẹ̀ tètè ń tán lára rẹ̀ láàárín wa? Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àti ọmọdé tí ibà mú. Inú hóró pupa ni kòkòrò ibà ń wọ̀, tí yóò sì bẹ́ ẹ. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ẹ wò ó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, tí ọmọ sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má dúró di ọ̀la.

Àgbàlagbà ní nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ lára. Èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdajì lítà. Láàárín ọjọ́ méjì, omi rẹ̀ ti padà. Hóró pupa ló ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Karl Landsteiner, dókítà ará Austria, ló fi èyí hàn ní 1901. Bí ẹ̀jẹ̀ ọkọ kò bá bá ti ìyàwó mu, ẹ má sọ ọ́ di ìjà ìdílé. Ẹlòmíràn yóò lo ti ọkọ.

Ẹni tó bá ń lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe ní UCH ní Oríta Mẹ́fà tàbí ibòmíràn, kó jẹun dáadáa kó tó kúrò nílé, kó mu omi, kó má sì kọ ebè lọ́jọ́ náà. Kí ọkùnrin jẹ́ kó pé oṣù 3 kó tó tún lọ. Kí obìnrin dúró fún oṣù 4.