Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Àwọn Ọmọ Kékeré ní Ìbẹ̀rẹ̀ Òjò

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń rọ òjò fún wa tí ilẹ̀ gbígbẹ fi ń hu ewé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn.

Alága wa, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni kí n sọ ohun tí a lè máa ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tí wọn kò tíì tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5. Owó ilé-ìwé, bàtà àti ìwé ni a máa ń rò fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Ní ti àwọn kékeré, tí wọ́n bá ti jẹun tí ara wọn sì le, a máa ń rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tí ń jẹ́ Friedrich Froebel. Ọdún 1782 ni wọ́n bí i, kò sì tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ní ọdún 1837, ó dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré ní ìlú Bad Blankenburg. Ní ọdún 1840, ó sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kindergarten, èyí tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Ọgbà náà kì í ṣe orúkọ lásán, nítorí ó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè kékeré tirẹ̀. Nínú ilé, àwọn ọmọ ń fi amọ̀ mọ nǹkan, wọ́n ń ká bébà, wọ́n sì ń hun ún bí ẹni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀yìn òtútù, ní nǹkan bí oṣù kẹta, ni ewé tuntun máa ń rú. Lọ́dọ̀ tiwa, àsìkò tó jọ ọ́ ni ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, láàrin oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Ilẹ̀ á rọ̀, ewé á yọ, ohun èlò á sì kún inú àgbàlá wa láìná kọ́bọ̀.

Èkíní ni amọ̀. Ẹ wa amọ̀ tí òjò ti rin, ẹ ṣa òkúta àti èérún ìgò kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì pò ó dáadáa. Ọmọ ọdún 3 á yí i róbótó, ọmọ ọdún 5 á mọ ìkòkò àti abọ́. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí, nítorí bí oòrùn bá mú un lójijì, yóò là. Bí ọmọ bá mọ ẹṣin, ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já. Ìyá wa Aisha ní ọmọlangidi tó fi ń ṣeré nílé Ànábì, ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ sì wà nínú wọn. Ẹ̀rín ni Ànábì rín.

Èkejì ni irúgbìn. Ẹ wá agolo tí ẹnu rẹ̀ kò mú tàbí ike tí a ti lò. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí omi má baà dúró níbẹ̀ kí ẹ̀fọn sì yé sí i. Kí ọmọ lẹ àjákù ańkárá mọ́ ọn lára, kó bu ilẹ̀ sí i, kó sì gbin ẹ̀wà tàbí àgbàdo. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀wà á ti hù. Bí ẹ bá fi ẹ̀wà kan sáàrin òwú tútù nínú ife tó mọ́ gaara, ọmọ á rí bí gbòǹgbò ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tí èéhù sì ń lọ sókè.

Ẹ̀kẹta ni láfún. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Láfún ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà á sára aṣọ kí aró má baà mu ibẹ̀. Láfún sísè yìí ni gọ́ọ̀mù tiwa. Bí ọmọ bá tọ́ ọ lá, kò léwu. Ẹ fi omi ata ilẹ̀ pupa sí òmíràn kó di àwọ̀ òféfèé, ẹ fi omi ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe zobo sí òmíràn kó pọ́n, kí ọmọ sì fi ìka kùn ún sórí páálí. Kó má ju ọjọ́ 2 lọ, nítorí ó máa ń kan.

Ẹ̀kẹrin ni híhun. Ẹ la kàlẹ́ńdà tó ti kọjá sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Kó kọjá lórí ọ̀kan, kó gba abẹ́ èkejì. Ìka tó bá mọ èyí kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ gègé dì mú nídìí wàláà.

Ìkìlọ̀ rèé o. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní èso làrà, làpálàpá tàbí iwéréjẹ̀jẹ̀, ìyẹn èso pupa olójú dúdú tó máa ń wu ọmọdé. Májèlé wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti làrà àti iwéréjẹ̀jẹ̀ sì lè pa ọmọ. Ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wà. Tí iṣẹ́ bá parí, ọṣẹ àti omi ló kàn.

Wàyí o, àwọn kan ń béèrè pé ṣé owó ọmọ òrukàn ni a ó fi ṣe eré. Sàká ní ọ̀nà mẹ́jọ tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún un nínú Suuratu Taoba, a kò sì ní fọwọ́ kàn án fún èyí. Ìwọ̀nba tí a bá máa rà, inú sàráà ni yóò ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi pè é ní eré lásán. Ojoojúmọ́ ni ọmọ òrukàn ń gbà. A fún un ní oúnjẹ, a fún un ní aṣọ, a sì ní kó dọ̀bálẹ̀ kó dúpẹ́. Ọmọ ọdún 4 tí kò mọ̀ ju kó máa sọ pé "ẹ ṣé" lọ, ìgbà wo ni yóò mọ̀ pé òun náà ní ohun tí òun lè fún èèyàn? Ọjọ́ tó bá gbé abọ́ amọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ fún ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ, ìyá àgbà ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí abọ́ náà bá wọ́, ẹ má ṣe bá a tún un ṣe. Ẹ bi í léèrè ohun tó mọ, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá wù ú ni kó fún. Ẹ má sì ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ fi ya fọ́tò ẹgbẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ kó agolo òfo àti kàlẹ́ńdà àtijọ́ wá. Ẹ̀yin télọ̀ inú wa, ẹ má ṣe da àjákù aṣọ nù. Èyí tó ṣòro jù ni ẹni tí yóò jókòó ti àwọn ọmọ náà fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, láìkánjú. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kó tó lọ.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa, kí Ó sì dá àwọn ọmọ náà sí fún wa. Aamiin.

Asalaamu alaykun wa rahmatullaahi wa barakaatuhu.