Ọrùn ni ó ń ru ẹrù, ọwọ́ ni ó ń ké

  Ọ̀rọ̀ ọrùn ni a fẹ́ sọ lálẹ́ òní.

Ẹ wo bídọ́ọ̀nù omi lítà 25. Bí ó bá kún, ó wúwo tó kílò 25. Ìyá tí ó bá pọnmi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárọ̀, kílò 100 ni ọrùn rẹ̀ ti rù kí ó tó dá iná. Igi ìdáná ń bọ̀ lẹ́yìn, iṣu ń bọ̀, gbágùúdá ń bọ̀. Àwa ọkùnrin a gun alùpùpù ti oko bọ̀, ìyàwó a ru ẹrù tẹ̀lé wa. Mo sọ ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Eegun 7 ni ó wà nínú ọrùn. Wọ́n tò lé ara wọn bí abọ́ ọlọ́jà. Láàárín púpọ̀ nínú wọn, nǹkan rírọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù kékeré. Láti ẹ̀gbẹ́ eegun wọ̀nyí ni àwọn iṣan kan ti ń jáde lọ sí èjìká, sí apá, títí dé orí ìka. Nẹ́ẹ̀fù ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń sọ fún ọpọlọ pé iná gbóná. Àwọn náà ni wọ́n ń sọ fún ọwọ́ pé kí ó di ọkọ́ mú. Bí ọjọ́ orí àti ẹrù bá ti jẹ tìmùtìmù náà tán, eegun lè fún iṣan yìí. Ọrùn ni ó fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń ta ni, tí ó ń jó bí ata, tí ó ń kú.

Ní ọdún 1997, àwọn dókítà kan gbé ìwádìí jáde láti Sierra Leone. Wọ́n ya fọ́tò eegun ọrùn ènìyàn 35 tí ń ru ẹrù lórí, wọ́n tún ya ti 35 tí kì í rù. Nínú àwọn tí ń rù, eegun ọrùn ti ń jẹ lára 31. Nínú àwọn tí kì í rù, 8 péré ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí eegun rẹ̀ ń jẹ ni ó ń jẹ̀rora o. Ṣùgbọ́n ẹ wo 31, ẹ wo 8.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa tí ẹfun ìkọ̀wé ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ayé ni. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń fi òrí pa ọwọ́ náà. Ẹnìkan tí ń to eegun gbá orí rẹ̀ mú, ó yí i kíkankíkan títí ó fi dún. Láti ọjọ́ náà ni àtàǹpàkò rẹ̀ ti kú. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí ó gbójú sókè, kí ó sì rọra yí orí sí ọ̀tún. Kíá ni ìrora sáré dé ìka rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọrùn ni. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ gba bídọ́ọ̀nù. Nígbà tí a jẹ iṣu tuntun, ó ti ń di ẹfun mú, ó ń kọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, bí a bá gbé ẹrù kúrò lórí. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, tí kò jóni, lé ọrùn. Ẹ máa rọra yí i. Ẹ má dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa parasetamọ́ọ̀lù, iye tí ó bá sọ ni kí ẹ lò. Kí ẹnikẹ́ni má yí ọrùn yín kí ó dún. Tramadol tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńkọ́? Ìyẹn yóò mú kí ẹ má mọ ìrora mọ́, ẹ ó tún ru ẹrù lé e, lẹ́yìn náà kò ní jẹ́ kí ẹ lè fi òun sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí kò fẹ́ ìdúró. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ń rọ, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹnìkan kò lè mú ìtọ̀ mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ sí Bantè tàbí Savalou. Ẹni tí ó já láti orí igi, tàbí tí ẹrù bì ṣubú, tí ọrùn ń dùn ún, ẹ má fà á dìde. Kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kí ó má yí, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó, kí ẹ tó gbé e. Bí ara bá gbóná, tí orí ń fọ́, tí ọrùn gan, pàápàá nígbà ọyẹ́, ó lè jẹ́ yírùnyírùn. Ìyẹn ń pani kíákíá. Ẹ má sọ pé kí ilẹ̀ mọ́.

Òṣùká dára, ṣùgbọ́n kò dín kílò kan kù nínú ẹrù. Ẹ pín ẹrù sí méjì. Kí ẹni méjì gbé e ru ẹni tí yóò rù ú. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ọwọ́ tì sàn ju orí lọ. Ẹni tí ó bá ní i, kí ó tì í wá sí kíláàsì lọ́jọ́ tí a ó tún pàdé. A ó ka iye bídọ́ọ̀nù tí ó lè gbà, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ta ni yóò máa tì í.