Ẹdun Tí Èèwọ̀ Dá Sí: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtọ́jú Ẹranko Inú Igbó Òrìṣà

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí ìtọ́jú ẹranko inú igbó ṣe kan ẹ̀sìn wa. Nígbàkigbà tí a bá ń bá àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn jiyàn, a máa ń fọ́nnu pé àwọn baba ńlá wa ti ń dáàbò bo igbó kí òyìnbó tó dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí á gba òun gbọ́ gbọ́dọ̀ lè fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn, kí ó sì sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn yín lónìí kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní agbègbè Nkoranza, láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Ghana, ìlú kékeré méjì wà tí wọ́n ń jẹ́ Boabeng àti Fiema. Igbó tó wà láàárín wọn kò tó 200 hẹ́kítà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ lè ti jáde ní òdì kejì kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀, oríṣi ọ̀bọ méjì ló ń gbé inú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀kan ni ọ̀bọ mona, tí kì í bẹ̀rù ènìyàn, tí í wọ agbo ilé lọ jí iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Èkejì ni ẹdun, dúdú tí ìrù rẹ̀ funfun tó sì gùn, tí kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tí ewé orí igi tó fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì mọ ìdí tí mo fi pe orúkọ yẹn tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ẹdun ni a fi ń ki àwọn ọmọ náà. Ẹ̀yà ẹdun tó wà ní Boabeng ti di ọ̀wọ́n jákèjádò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn onímọ̀ sì ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Ní Kikélé, lágbègbè Bassila ní orílẹ̀-èdè Benin, igbó òrìṣà náà ni ó rí sá sí. Ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ rí ẹdun gbẹ̀yìn ní oko baba yín. Ère ìbejì ṣì wà nínú ilé wa. Ẹranko tí a fi ń kì wọ́n ti wọ́n ju ère lọ.

Kí ló dá àwọn ti Boabeng sí? Òrìṣà ni. Daworoh ni wọ́n ń pe òrìṣà tó ni igbó náà, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ka àwọn ọ̀bọ sí. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n tàbí kí ó jẹ wọ́n. Bí ọ̀kan bá kú, wọn kì í fi í sílẹ̀ fún ajá: wọ́n á sin ín gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin ènìyàn. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kan tó gbé ìbọn, kò sí wáyà tí wọ́n ta yí igbó ká. Ẹ̀rù òrìṣà àti ìtìjú aládùúgbò ni ọgbà.

Bí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ óò pàtẹ́wọ́, a óò sì máa lọ ilé. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò dúró síbẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1975, àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan dìde ní agbègbè náà tí wọ́n ní àwọn kò mọ Daworoh rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀bọ. Òrìṣà kò sọ̀kò lu ẹnikẹ́ni láti ojú ọ̀run, àwọn ẹranko sì ń dín kù. Kí ni àwọn àgbà ṣe? Wọn kò jókòó máa ṣépè. Wọ́n tọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ, wọ́n sì rí i pé ní ọdún 1975, a ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ọ̀bọ láàárín kìlómítà 8 sí ibẹ̀. Ìjọba tún rán àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹranko wá. Láti ìgbà náà ni iye wọn ti ń gòkè, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ tó ń kà wọ́n láti nǹkan bí ọdún 1990 ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣi ọ̀nà. Èèwọ̀ ń mú ẹni tó gbà pé òrìṣà wà. Nígbà tí gbogbo ìlú gbà bẹ́ẹ̀, ó tó. Lónìí, nínú ilé kan náà, bàbá ń bọ Ògún, ọmọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó ọmọ ń kírun. Ẹni tó bá sọ pé èèwọ̀ nìkan yóò tún máa ṣọ́ igbó bí ti àtijọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Òfin láìsí èèwọ̀ ńkọ́? Ẹ wo igbó ọba tó wà ní J4, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn ti yà á sọ́tọ̀. Ó ju 1,300 kìlómítà níbùú-lóòró lọ, àjọ UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Àwọn agégẹdú ti wọ inú igbó, oko kòkó ti wọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé erin kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀bọ. Ilẹ̀ tí erin kan nílò fẹ̀, a kò sì lè fi igbó kékeré díwọ̀n rẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan hàn kedere. Ará Boabeng ń pe igbó náà ní ti wa. Àgbẹ̀ tó wà létí J4 ń pè é ní ti ìjọba, ohun tó bá sì jẹ́ ti ìjọba, ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí inú mi dùn sí ni pé lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti gba àwọn kan tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ta ló mọ ipa ẹsẹ̀ ẹranko ju ọdẹ lọ?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ní Boabeng àti Fiema, àlejò tó bá wá wo ọ̀bọ ń sanwó, apá kan owó náà sì ń dé ọwọ́ ìlú, ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè àti àwọn àwòrò. Kò túmọ̀ sí pé kò sí ìkùnsínú. Ẹni tí ọ̀bọ bá jẹ àgbàdo rẹ̀ kì í fi ẹ̀rín gbà á. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀bọ náà ń mú nǹkan wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni. Ìjọba kọ́kọ́ ka apá kan rẹ̀ sí ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. UNESCO gbà á wọlé ní 2005. Nítorí pé a kò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́, pẹja tàbí gé igi níbẹ̀ ni ọ̀bọ fi ṣì ń fò lórí igi ibẹ̀. Àdùnní Olóríṣà, Susanne Wenger, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́, jà fún ilẹ̀ náà títí ó fi papò dà ní 2009. Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn gba inú igbó náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Èèwọ̀ inú igbó kò dé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀. A sì ń wá síbi ọdún ní oṣù Kẹjọ, a ń bu omi Ọ̀ṣun, a ń da ọ̀rá omi sílẹ̀ fún un.

N kò ní fi àwọn awakùsà bo ẹ̀bi tiwa mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ìsọ̀ eléwé-ọmọ èyíkéyìí. Ẹ óò rí orí ọ̀bọ, agẹmọ gbígbẹ, orí igún. Ọmọdé ilé wa pàápàá mọ̀ pé èèwọ̀ ni igún: kò ṣeé pa, kò ṣeé jẹ, a kì í fi bọ orí. Láti ọdún 2015 ni igún kékeré tó máa ń wà lójúde wa tẹ́lẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ẹyẹ tó ń parun lọ. Ta ló ń ra orí rẹ̀? Ó pọ̀ nínú wọn tó jẹ́ pé àwa la kọ ọ́ fún wọn pé kí wọ́n lọ rà á. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ láti fi ewé àti egbò rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kó tì wá lójú pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá wa, kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ lọ bá wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìpàdé yìí kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ babaláwo àti oníṣègùn kọ̀ọ̀kan tó wà níhìn-ín sọ fún àwọn ọmọ awo rẹ̀ pé a kò ní kọ igún, orí ọ̀bọ tàbí ẹdun fún aláìsàn kankan mọ́, kí wọ́n sì sọ ewé tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Kí a gba agbẹjọ́rò tí yóò bá wa tọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ lórí àwọn igbó òrìṣà kéékèèké tí kò sí nínú ìwé kankan, bí àwọn àgbà Boabeng ti ṣe. Kí a sì yan ẹni méjì méjì láti ìlú kọ̀ọ̀kan tí yóò lọ bá àwọn àgbẹ̀ etí igbó jókòó, kí a mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù àti ohun tí a lè fún wọn. Orúkọ àwọn ẹni méjì méjì wọ̀nyí ni mo fẹ́ gbà kí a tó tú ká lónìí. Akọ̀wé ti ní ìwé àti kálàmù níwájú rẹ̀.