Àwùjẹ̀ Ọmọ Ọwọ́ àti Iṣẹ́ Abẹ Agbárí

 

Bí a bá ń wẹ ọmọ tuntun, ọwọ́ wa á kan ibi rírọ̀ kan lókè orí rẹ̀ tó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Àwùjẹ̀ nìyẹn. Agbárí ọmọ kì í ṣe odindi bí igbá. Eegun pẹlẹbẹ mélòó kan ló fẹnu kora. Àlàfo àárín wọn ló jẹ́ kí orí lè fún pọ̀ jáde lọ́jọ́ ìbí, òun náà ló ń fún ọpọlọ láyè láti dàgbà. Àwùjẹ̀ iwájú sábà máa ń dí bí ọmọ bá tó oṣù 12 sí 18.

Àmọ́ nínú ọmọ bíi 2,000 sí 2,500, a máa ń rí ẹyọ kan tí ojú ìpàdé eegun rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ láìtọ́jọ́. Craniosynostosis ni àwọn dókítà ń pè é. Ọpọlọ kò ní tìtorí ìyẹn má dàgbà; ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò ti eegun sí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ojú ìpàdé tó là á láàárín orí láti iwájú dé ìpàkọ́: orí á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan o. Agbárí tó há lè fún ọpọlọ, ó sì lè ba ìríran jẹ́.

Àwọn ìyá àgbà wa a máa fi aṣọ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí ọmọ kó lè rí róbótó. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n eegun tó ti lẹ̀ kò gbọ́ ti ọwọ́. Abẹ ló ń tú u.

Paul Tessier, ará Faransé, ni wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ abẹ agbárí àti ojú. Ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Paris lọ sí Nantes, lọ fi òkú kọ́ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan alààyè. Ní 1967, ní Róòmù, ó ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí abẹ ṣe lè gba inú agbárí tún eegun ojú tò.

Lónìí, bí ọmọ bá dé ilé ìwòsàn ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ojú abẹ kékeré ni wọ́n á là, wọ́n á yọ eegun tó lẹ̀, ọmọ á sì máa dé akoto fún oṣù mélòó kan. Bó bá ti tó oṣù 6 sí 12, iṣẹ́ ti tóbi nìyẹn: wọ́n á la awọ orí láti etí dé etí, wọ́n á ṣí eegun bí ẹni ṣí igbá, wọ́n á gé e, wọ́n á tún un tò, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí ọmọ lára sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀.

Ìpàkọ́ tó tẹ́ nítorí pé ọmọ ń fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn ṣáá kò nílò abẹ; ẹ máa yí orí rẹ̀ padà. Àwọn àgbàlagbà kan ní Gúúsù Kòríà ń sanwó kí wọ́n fi símẹ́ǹtì eegun kún ìpàkọ́ wọn nítorí ẹwà. Lójú tèmi, ìyẹn lè dúró. Ti ọmọ tí eegun orí rẹ̀ ti lẹ̀ kò lè dúró.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn orí rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú káàdì. Bí orí bá ń gùn tàbí tó ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ yín sì kan eegun tó yọ gàǹgà lójú ìpàdé, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta.